Ìbéèrè Karùn-ún: Ìtàn Dáyámọ́ńdì Inú Òrùka Ìdána

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ ilé ìtajà àwọn tí ń ta òkúta iyebíye, tí ó sì wí pé òun fẹ́ ra òrùka tí òun yóò fi sí àfẹ́sọ́nà òun lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ bá a sọ. Yóò sọ fún un bí òkúta dáyámọ́ńdì náà ti wúwo tó, bí a ti gé e, irú àwọ̀ tí ó ní, àti bí inú rẹ̀ ti mọ́ tó. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí yóò náwó mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè karùn-ún kan wà tí ojú kò lè rí ìdáhùn rẹ̀ lára òkúta, bí ó ti wù kí awò tí a fi ń wò ó lágbára tó: níbo ni òkúta yìí ti wá, ọwọ́ ta ni ó sì ti gbà kọjá kí ó tó dé inú òrùka? Ìtàn ni ó lè dá wa lóhùn. Nítorí náà ni a ṣe ń pe ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí ẹ bá wa tọ ipasẹ̀ òkúta kékeré yìí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ìṣáájú. Káráàtì ni a fi ń wọn dáyámọ́ńdì. Orúkọ yìí ti ara èso igi kárọ́ọ̀bù wá, èyí tí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ń fi sórí ìwọ̀n. Ìwọ̀n ìlú kan kò bá ti ìlú kejì mu, títí di ọdún 1907, nígbà tí àpéjọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìwọ̀n fi àṣẹ sí i pé káráàtì 5 ni yóò pé gíráàmù kan. Òkúta kan tí ó wọn káráàtì kan a máa gbówó lórí ju òkúta méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n jẹ́ ààbọ̀ káráàtì lọ, nítorí pé òkúta ńlá ṣọ̀wọ́n ju kékeré lọ. Ẹni tí ó gbọ́n a sì máa ra èyí tí ó fi díẹ̀ dín sí káráàtì kan, nítorí ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àpò yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ti gígé, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń mú kí dáyámọ́ńdì tàn. Bí a bá gé e jù sísàlẹ̀, tàbí tí a gé e pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú rẹ̀ yóò gba ẹ̀yìn jáde lọ, òkúta náà yóò sì ṣú. Ní ọdún 1919 ni Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé àwọn tí ń gé òkúta ní ìlú Antwerp, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìṣirò hàn bí ó ti yẹ kí a gé dáyámọ́ńdì kí ìmọ́lẹ̀ lè padà wá sí ojú ẹni tí ń wò ó. Nítorí náà, òkúta kékeré tí a gé dáadáa sàn ju òkúta ńlá tí a gé ṣákálá lọ.

Àwọ̀ àti mímọ́ ni ó kù. Ní Amẹ́ríkà, Robert Shipley dá ilé ẹ̀kọ́ kan tí à ń pè ní Gemological Institute of America sílẹ̀ ní ọdún 1931, kí àwọn tí ń ta òkúta lè mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ní ọdún 1953 ni ilé ẹ̀kọ́ náà gbé ètò kan jáde tí ó fi álífábẹ́ẹ̀tì pín àwọ̀ dáyámọ́ńdì, láti D, èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, títí dé Z, èyí tí ó ti pọ́n bí oyin tí a fi omi là. Ní ti mímọ́, awò tí ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 ni a fi ń wo inú òkúta bóyá àbàwọ́n wà níbẹ̀. Bí àbàwọ́n bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò rí i, kò ní ba ẹwà òrùka jẹ́. Kí ẹni tí ń rà sì béèrè ìwé ẹ̀rí tí ó sọ gbogbo èyí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá dé ìbéèrè karùn-ún.

Òrùka ti wà tipẹ́tipẹ́ kí òkúta tó wọ inú rẹ̀. Pliny, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ìgbà ayé òun, òrùka irin lásán, tí kò ní òkúta kankan, ni a ṣì ń fi ránṣẹ́ sí obìnrin tí a fẹ́ sọ́nà. Ó lé ní 1,300 ọdún lẹ́yìn náà kí a tó gbọ́ ìtàn dáyámọ́ńdì tí àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí jù: ní ọdún 1477, Maximilian ọmọ ọba ilẹ̀ Austria fi òrùka dáyámọ́ńdì fún Mary, ọmọbìnrin ìjòyè ńlá ilẹ̀ Burgundy, kí ó tó gbé e níyàwó. Ohun àwọn ọba ni, kì í ṣe ti àwọn ènìyàn lásán. Àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ aya wọn, wọ́n sì bímọ, láìfi ojú kan dáyámọ́ńdì rí.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo dáyámọ́ńdì ayé ti ń wá ní ìgbà náà, ọjà Golconda sì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Jean-Baptiste Tavernier, oníṣòwò ará Faransé tí ó rin ìrìn àjò lọ sí ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kọ̀wé pé ní ibi ìwakùsà Kollur, òun bá ènìyàn tí ó tó 60,000 lẹ́nu iṣẹ́: ọkùnrin ń wa ilẹ̀, obìnrin àti ọmọdé ń ru erùpẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, nígbà náà, ohun tí ó ń tàn ní ìka ọwọ́ ẹnìkan ti jẹ́ ẹrù lórí ẹlòmíràn.

Ibi kejì tí ìtàn yóò gbé wa lọ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láàárín ọdún 1720 sí 1730 ni a rí dáyámọ́ńdì nínú àwọn odò tí ó yí Tijuco ká, ìlú tí à ń pè ní Diamantina lónìí, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ọba ilẹ̀ Pọ́túgàl sọ gbogbo agbègbè náà di ti ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀ṣọ́ yí i ká. Àwọn ẹrú Áfíríkà ni ó ń fọ yanrìn odò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó wá láti etíkun tí ìlú Wídà wà, etíkun kan náà tí a ti ta àwọn ọmọ Yorùbá tí àwọn ará Bràsíìlì ń pè ní Nàgó.

John Mawe, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé ibẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1812, ròyìn bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwọn ẹrú tẹ̀ bá ojú ọpọ́n tí omi ń gba inú rẹ̀ ṣàn, àwọn alábòójútó sì jókòó sórí àga gíga, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí ẹnìkan bá rí dáyámọ́ńdì, yóò dìde, yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì fi ìka méjì gbé òkúta náà sókè kí alábòójútó lè gbà á. Bí òkúta náà bá wọn káráàtì 17½, wọn a fi òdòdó dé ẹrú náà ládé, wọn a gbé e lọ sí iwájú olórí, a ó sì san owó fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó lè di òmìnira. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Òkúta kan tí kò tó gíráàmù 4 ni a kà sí iye ènìyàn odidi, ẹni tí kò bá sì rí irú rẹ̀ yóò máa bá a lọ láti tẹ̀ba títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Nígbà tí odò Bràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ ní dáyámọ́ńdì, Gúúsù Áfíríkà là. Ní ọdún 1867, ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan, Erasmus Jacobs, rí òkúta kan tí ń dán nítòsí Odò Orange. Dáyámọ́ńdì ni, ó sì lé ní káráàtì 21. Lẹ́yìn ọdún méjì, darandaran kan láti inú ẹ̀yà Griqua rí èyí tí ó lé ní káráàtì 83. Àgùntàn 500, màlúù 10 àti ẹṣin kan ni a fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó gbà á sì tà á ní iye tí ó ju £11,000 lọ. Ní ọdún 1871 ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ya lọ sí ibi tí a wá ń pè ní Kimberley. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ń jẹ́ de Beer, tí wọ́n ni oko kan níbẹ̀, ta oko wọn ní iye tí ó ju £6,000 lọ díẹ̀, wọ́n sì kúrò. Orúkọ wọn nìkan ni ó kù sórí ọrọ̀ tí ó ti inú ilẹ̀ wọn jáde.

Ta ni ó wa kòtò ńlá Kimberley? Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn láti gba owó iṣẹ́. Ní ọdún 1872, òfin dé pé kí ọmọ-ọ̀dọ̀ ibi ìwakùsà máa gbé ìwé àṣẹ kiri, a sì lè yẹ ara rẹ̀ wò nígbàkigbà. Ní ọdún 1883 àti 1884, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a máa tú wọn sí ìhòòhò láti yẹ̀ wọ́n wò. Láti ọdún 1885 lọ ni a bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú sínú ọgbà tí a sé mọ́. Wọn kò gbọdọ̀ jáde títí àdéhùn iṣẹ́ wọn yóò fi parí. A ta àwọ̀n wáyà bo ojú ọgbà lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà ju òkúta síta. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ sí ilé, a ó tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, títí a ó fi mọ̀ dájú pé kò gbé òkúta kankan mì.

Kòtò yìí ni ó yí ìtàn òrùka padà. Ṣáájú Kimberley, dáyámọ́ńdì ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́. Lẹ́yìn Kimberley, ó ń ti inú ilẹ̀ jáde ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, àwọn onílé-iṣẹ́ sì bẹ̀rù pé bí gbogbo rẹ̀ bá dé ọjà lẹ́ẹ̀kan, iye rẹ̀ yóò wó lulẹ̀. Nítorí náà ni Cecil Rhodes ṣe da àwọn ibi ìwakùsà pọ̀ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, De Beers, ní ọdún 1888. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó kọ ìwé owó £5,338,650 láti fi ra olórogún rẹ̀ tí ó tóbi jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń pinnu iye dáyámọ́ńdì tí yóò dé ọjà. Ohun tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lójú ayé.

Ṣùgbọ́n kí a dín ọjà kù kò tó. Ó tún yẹ kí a dá ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkàn àwọn ènìyàn. Nígbà tí ọjà kú ní àwọn ọdún 1930, De Beers ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ní Amẹ́ríkà, N. W. Ayer, ní ọdún 1938, pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin yóò fi rò pé ìfẹ́ láìsí dáyámọ́ńdì kò pé. Wọ́n fi òrùka sí ọwọ́ àwọn òṣèré inú sinimá, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Èyí tí ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ni ṣàkíyèsí jù ni pé wọ́n rán àwọn olùbánisọ̀rọ̀ lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, láti dúró níwájú àwọn ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa òrùka dáyámọ́ńdì. Ní ọdún 1947, obìnrin kan tí ń bá wọn kọ ìpolówó, Frances Gerety, kọ gbólóhùn kúkúrú kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé dáyámọ́ńdì wà títí láé. Gbólóhùn náà yí ayé ká. Frances Gerety fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ títí ó fi kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè dá àṣà sílẹ̀, kí ó wo ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1967, nígbà tí ìpolówó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, nínú 100 àfẹ́sọ́nà, àwọn tí ó gba òrùka dáyámọ́ńdì kò tó 5. Nígbà tí ó fi di ọdún 1981, wọ́n ti tó 60. Ọdún 14 péré! Àṣà tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò dàgbà ju ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Kò yẹ kí èyí ya àwa Yorùbá lẹ́nu, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ara iyùn nìkan ni iyì iyùn ti wá, bí kò ṣe láti ara ọba tí ó wọ̀ ọ́ àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn baba wa mọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ iyùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra òrùka kò mọ̀ pé ọlọ́jà ni ó sọ ti dáyámọ́ńdì.

Ilẹ̀ Sàró ni a ó kàn lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ tí a sọ àwọn baba wa kalẹ̀ sí nígbà tí a gbà wọ́n nínú ọkọ̀ ẹrú. A rí dáyámọ́ńdì níbẹ̀ ní ọdún 1930. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1991, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba agbègbè Kono, wọ́n ń fi ipá mú ènìyàn wa òkúta, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ra ìbọn. Wọ́n gé ọwọ́ àti apá àwọn aláìṣẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó lọ jà níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà wá ilé. Ní ọdún 2002 ni ogun náà parí. Ní ọdún 2003, àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi orúkọ Kimberley pè, pé kí òkúta tí a kò tíì gé má ṣe kọjá ààlà láìní ìwé ẹ̀rí pé owó rẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ètò náà wúlò, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ̀tẹ̀ nìkan ni ó ń wò; kò béèrè bóyá a na ẹni tí ó wa òkúta, tàbí bóyá owó rẹ̀ pé.

A kò gbọdọ̀ rò pé ibi nìkan ni ó kún inú ìtàn yìí. Ní Botswana, ọdún 1967, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ni a rí dáyámọ́ńdì ní Orapa. Ìjọba ibẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ náà pín nínú èrè, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà ní ilẹ̀ kan tí ó ti wà lára àwọn tí ó tálákà jù ní ayé. Ní ọdún 2017, ní Kono kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ pásítọ̀ kan, Emmanuel Momoh, rí òkúta káráàtì 709. Pásítọ̀ náà kò fi pa mọ́. Ó gbé e fún ìjọba, a sì tà á ní gbangba ní New York ní $6,500,000. Òkúta kan náà ni. Ọwọ́ tí ó gbà á kọjá ni ó yàtọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ọdún 1772, Lavoisier ará Faransé jó dáyámọ́ńdì níná, ó parẹ́ di afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1797, Smithson Tennant ará Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé dáyámọ́ńdì àti èédú, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá bí wọn yóò ti sọ èédú di dáyámọ́ńdì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, Tracy Hall ṣe é ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, nípa ooru àti ìfúnpá ńlá. Lónìí, irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú òrùka. Dáyámọ́ńdì gidi ni, ojú kò lè yà á sọ́tọ̀, iye rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti inú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á kò ní bèèrè kòtò tí ó ti jáde, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe rò pé yóò tà á padà lérè. Àní èyí tí ó ti inú ilẹ̀ wá pàápàá, bí a bá gbé e padà lọ sí ọjà, kì í sábà mú owó tí a fi rà á wá.

Kí ni kí ẹni tí ń yan òkúta ṣe, nígbà náà? Kí ó wo gígé ṣáájú ìwọ̀n. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí. Kí ó béèrè ìbéèrè karùn-ún láìtijú, bí ọlọ́jà kò bá sì lè sọ ilẹ̀ tí òkúta rẹ̀ ti wá, kí ó bá tirẹ̀ lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àpò ni kí a wò kí a tó ra òrùka. Gbèsè tí a bá jẹ nítorí òrùka kò ní dúró lọ́dọ̀ ọlọ́jà, yóò bá ìyàwó wọlé.

Ní ibi ìdána àwa onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tí ó wù ú nínú gbogbo ẹrù tí ọkọ rẹ̀ kó wá. Bíbélì ni yóò mú, òrùka a sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbé e sókè, ìdílé méjèèjì a bú sí ayọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè iye káráàtì tí ó wà nínú rẹ̀. Bí òkúta bá wà nínú òrùka náà, ó dára. Kí ó ṣáà jẹ́ èyí tí ọkọ lè sọ fún aya rẹ̀, láìbo ohunkóhun, ibi tí ó ti rí i, iye tí ó san, àti ọwọ́ tí ó wà á jáde.